Ìwé Kíndìnrín Níbi Mọ̀-Mí-N-Mọ̀-Ọ́

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka ìwé kíndìnrín, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bóyá kíndìnrín ènìyàn lè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, síta níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé, mo ka ti ìyàwó, Mọrádéun: ó jogún àléébù kíndìnrín lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá.

Ìyá ọkọ fò dìde. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ru iṣu wọlé.

"Ẹ kó iṣu wa padà sínú ọkọ̀! Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ máa daṣẹ́ sílẹ̀ kò ní bímọ fún ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Òfin ní kí n ka ti àwọn òbí náà, títí kan tiyín."

Mo kà á. Bíi ti Mọrádéun gẹ́lẹ́ ni.

Bàbá ìyàwó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá wa, ká ní wọ́n ti ń ka ìwé yìí nígbà tí ẹ wọlé ọkọ, ta là bá máa pè ní ọkọ ìyàwó lónìí?"