Ìpè Mẹ́ta Kí Iná Tó Jó

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí àgbẹ̀ bá fẹ́ sun oko tó ti ṣán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ké, "Iná ń bọ̀ o!", kí ẹni tó wà nínú ewé lè ráyè jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ògúndìran ò ké rárá.

"Bàbá Ẹ̀kúndayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ké," ni Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. "Mo gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́."

"Ewúrẹ́ ìyá rẹ ló húkọ́."

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ bá ké e: "Iná ń bọ̀ o!"

"Ẹ dúró, mò ń bọ̀," ni ohùn kan dáhùn láti àárín oko.

Ògúndìran gbá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bò ó. "Olè tó ń jí ẹran inú tàkúté mi nìyẹn! Kó jóná, kí màjàlà lọ ròyìn rẹ̀ nílé." Ó ju ògùṣọ̀ sínú ewé.

Iná bú gbàù. Òkété ń sá jáde pẹ̀lú iná lára, Ògúndìran ń fi àdá bẹ́ wọn lórí, ó ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ń rìn bọ̀ láàárín iná, kò kánjú, omi ìrì ń kán lára rẹ̀. Ó fa ẹ̀ka igi kan tó ń jó yọ, ó dúró létí oko, ó kọjú sí Ògúndìran.

"Iná ń bọ̀ o!"

Àwẹ̀ró fa ọkọ rẹ̀ lápá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ò gbéra nílẹ̀.

"Iná ń bọ̀ o!"

Ó fi apá náà sílẹ̀, ó sá. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni náà dákẹ́ díẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe ní ká máa dákẹ́ de ẹni tó bá fẹ́ jáde, kó tó la ẹnu fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta.