Ààyè Kan ní Kíláàsì Karùn-ún

Ààyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù ní kíláàsì karùn-ún iléèwé Intanáṣánà, ọmọ méjìdínlógún ló sì wá ṣèdánwò nítorí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń gbé. Àwọn àgbà ní aláìníyàá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Òun náà kì í ṣàìsàn, kì í jiyàn, kì í tọrọ nǹkan. Iléèwé yìí nìkan ló wù ú láyé.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àǹtí fi gba tíṣà sílé fún ọmọbìnrin náà àti ọmọbìnrin tirẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Orí ìwé ni ọmọ Àǹtí máa ń sùn sí.

“Ẹni tó bá ń sùn, kó máa sùn,” ni Àǹtí máa ń wí, á sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọmọbìnrin náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Àǹtí fúnra rẹ̀ ló di irun fún un, irú èyí tó wà lórí ọmọ tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Mọ́mì ni kó o máa pè mí lónìí,” ó ní. “Wọn ò fẹ́ ìtàn gígùn níbẹ̀. Orúkọ yòówù tí wọ́n bá pè, ṣáà ti dáhùn.”

Mọ́mì. Ọmọbìnrin náà tọ́ ọ wò lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n máàkì ìdánwò, tí ọmọbìnrin náà sì gbégbá orókè, olùkọ́ tó ń pín ọmọ sí kíláàsì pè wọ́n wọ ọ́fíìsì. Orúkọ ìdílé ọkọ Àǹtí ló fi pe ọmọ náà, inú ọmọ náà sì dùn débi pé ó gbàgbé láti kúnlẹ̀. Olùkọ́ wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

“Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún jù báyìí lọ nínú fọ́tò.”

“Ibà ni, sà,” ni Àǹtí dáhùn. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sípò ni.”

Ibà kankan ò ṣe é. Ó rò pé Àǹtí ń bo òun láṣìírí ni, torí pé òun rù.

Olùkọ́ ní kó ka ojú ìwé kan. Ó kà á láìkọsẹ̀.

“Kí lo rí tó o fi fẹ́ ọ̀dọ̀ wa?”

“Ìwé tó wà ní yàrá ìkàwé yín ni, sà. Kò lè tán kí n tó dàgbà.”

Olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, àgbà lẹ bí o!” Ó lu òǹtẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù.

Níta, Àǹtí gbá a mọ́ra fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Orí ẹ pé! O ò dójú tì mí.”

“Ẹ ṣé, Mọ́mì.”

Àǹtí ò gbọ́. Ó ti ń tẹ fóònù.

Ọ̀dọ̀ aránṣọ àdúgbò ni wọ́n yà sí. Ọmọ Àǹtí ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn, ó ń jẹ bísíkíìtì. Aránṣọ tú aṣọ yunifọ́ọ̀mù wò, ó fa téèpù yọ lọ́rùn.

“Ìyáàfin Intanáṣánà, ẹ bọ́ síbí ká wọ̀n yín,” ó fi ọmọbìnrin náà ṣẹ̀fẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bọ́ síwájú, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

“Sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀,” ni Àǹtí wí fún un, ó sì ti ọmọ tirẹ̀ síwájú aránṣọ, “ẹni tí wọ́n gbà nìyí.”