Ọba Tó Fẹ́ Lu Ìlù Ara Rẹ̀

Ọ̀kánjúwà ni Ìkúnayọ̀, àmọ́ kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti owó. Ti àfihàn ni. Bí wọ́n bá ń pín ipò níbi eré, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ tòun nìkan. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Ogbe-Ijoh ní Warri, òun sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan ní Okumagba Layout. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ìlù lù. Bó bá jókòó ti dírọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ wọn, olùkọ́ ìṣirò tí kì í rẹ́rìn-ín pàápàá á máa mi orí.

Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún kéré débi pé ẹgbẹ́ eré àti orin wọn kò ju ọmọ mọ́kànlá lọ. Kọ́pà Dúrótoyè, àgùnbánirọ̀ tó ti Ọ̀yọ́ wá, ló kó wọn jọ. Ó kọ eré kan nípa ọba tó ti ìrìn àjò dé. Nínú eré náà, ọba kò gbọdọ̀ yọjú àfi bí ìlù bá pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ijó ló sì gbọdọ̀ jó wọlé. Festus ni ọba. Ìkúnayọ̀ ni onílù, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zulaikha sì ni igbákejì rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbégbá orókè ní Warri ló máa lọ ṣe eré tirẹ̀ ní Asaba.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí di ọjọ́ tí aṣọ ọba dé. Agbádá pupa ni, adé rẹ̀ sì ń dán yinrin. Ojú Ìkúnayọ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó lọ sọ fún Festus pé Kọ́pà ní ohùn rẹ̀ kò yẹ ọba, kó máa ṣe ìjòyè. Ó wá sọ fún Kọ́pà pé ẹ̀rù ló ń ba Festus. Ó ku Zulaikha, tó yẹ kó gba ìlù bí òun bá ti di ọba. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ṣe o. Kò fẹ́ fi ìlù sílẹ̀! Ó sọ fún un pé Kọ́pà ti yọ ọ́, ó sì tún lọ sọ fún Kọ́pà pé bàbá Zulaikha ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ lu ìlù mọ́.

Kọ́pà wò ó títí. "Ìwọ lo máa lu ìlù, ìwọ náà lo máa jó wọlé. Ẹsẹ̀ mélòó lo ní?"

"Uncle, no worry," Ìkúnayọ̀ dáhùn. "I go run am."

Ó sì rí i ṣe nígbà ìdánrawò, torí pé ẹnu ló fi ń lu ìlù. Á máa ké "gbìdì-gbìdì, gbàm!", á sì máa jó bọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́ lójú wọn, Kọ́pà gan-an kò ní gbẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó rántí pé wọn kò ní fi ẹnu lu dírọ́ọ̀mù lọ́jọ́ eré. Ẹnu kúkú dùn-ún ròfọ́. Nílé, Ìkúnayọ̀ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun lọba, òun náà lonílù. Inú ìyá dùn débi pé ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ eré, ó sì kó àwọn ẹlẹ́ja mẹ́ta dání wá wòran.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn adájọ́ jókòó níwájú. Dírọ́ọ̀mù wà ní igun ọwọ́ òsì, ẹnu ọ̀nà ààfin wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀kan dé èkejì láìjẹ́ kí èrò rí i, àfi kó gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yí po. Ìkúnayọ̀ wọ agbádá, ó jókòó, ó lu ìlù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìlù náà dùn, kí n má tàn yín. Ó ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀, ó sáré yí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà ààfin, ó gbé ẹsẹ̀ láti jó. Ìlù ti dákẹ́. Kí ni yóò jó sí? Ó sá padà lọ lu ìlù. Àwọn ìjòyè tó dọ̀bálẹ̀ gbójú sókè, wọn kò rí ọba. Festus ní, "Kábíyèsí dà?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú eré, èrò sì bú sẹ́rìn-ín. Ìkúnayọ̀ tún sá dé, ìlù tún dákẹ́, ó tún sá padà. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "King, na toilet you dey find?" Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Nígbà kẹta, agbádá há mọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà, ọba ṣubú gbì, adé sì yí gbirigbiri títí ó fi dúró lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ìyá náà gan-an ni Zulaikha àti bàbá rẹ̀ jókòó sí. Kọ́pà sáré wá bẹ bàbá náà pé kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lu ìlù lónìí nìkan. Ó ya bàbá lẹ́nu, ó bi í pé ta ló ní òun kọ̀. Zulaikha náà ní ṣé kì í ṣe Kọ́pà ló ní kí òun má wá mọ́. Festus bọ́ sílẹ̀ wá bá wọn, ó sì sọ ti ohùn òun tí wọ́n ní kò yẹ ọba. Kọ́pà yíjú sí Ìkúnayọ̀ tó ń tú agbádá kúrò lára ìṣó. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Zulaikha kò dúró gbẹ́jọ́, ó ti dé ìdí ìlù.

Ìlù dún, ọba ni kò sí. Ìkúnayọ̀ sáré wá, ó nawọ́ sí ìyá rẹ̀ kó gbé adé fún òun. Ìyá gbé e nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì dé e sórí Festus.

"Bọ́ agbádá yẹn fún un," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Kí o wá jókòó tì mí, ká jọ wòran."

Festus jó wọlé, ìlù Zulaikha ń gbé e lẹ́sẹ̀, àwọn adájọ́ pàápàá dìde. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló gbégbá orókè. Kọ́pà ní Ìkúnayọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlù títí sáà náà á fi parí, gbígbá gbọ̀ngàn ni tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí Asaba, òun ló gbé dírọ́ọ̀mù sínú bọ́ọ̀sì, òun náà ló ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì lọ tán, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ké "gbìdì-gbìdì, gbàm." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, àti àgbà tó bá ní irú àrùn yìí lára, ẹ gbọ́. Ẹ̀bùn tí a ní kò fún wa láṣẹ láti gba tẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ tí a fi gba ipò kì í jẹ́ kí ipò náà pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ọba tó lé onílù rẹ̀ lọ, kó má bínú bí kò bá rí ohun tí yóò jó sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì yín lu tirẹ̀.