Egungun Àgbọ̀n Inú Dígí

Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo wọn ń pe ẹ̀ṣọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó ń ṣọ́ ni egungun àgbọ̀n ẹranko odò kan tó jọ ọ̀nì, èyí tó ti kú àkúrun kí èèyàn tó dáyé, tí egungun rẹ̀ sì ti di òkúta. Inú dígí ló wà. Ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n fi ẹfun mọ, wà lẹ́nu ọ̀nà káwọn ọmọdé lè rí nǹkan gùn. Ara ẹ̀dà yìí ni ẹ̀ṣọ́ ń fi fìlà rẹ̀ kọ́. Eyín rẹ̀ ló fi ń ṣí ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

Nígbà tí wọ́n kun yàrá náà lọ́dàá, ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ló ń darí àwọn alágbàṣe tó gbé méjèèjì padà sáyè wọn.

"Èyí tí eyín rẹ̀ pé, inú dígí. Eléyìí tó ti kán, ẹnu ọ̀nà."

Ìyá ẹ̀ṣọ́ yìí ló kọ́kọ́ rí egungun náà. Ó ń wa amọ̀ létí odò nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ni ọkọ́ rẹ̀ bá ba nǹkan líle. Ní báyìí ojú rẹ̀ ti fọ́, ara ò sì le mọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó lọ.

Ẹ̀ṣọ́ mú un wá. Ó di kọ́kọ́rọ́ dígí mú nínú àpò. Bí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò lè ṣí i. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀dà rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ tí mo pọ̀n?"

"Òfin ni, Màámi."

"Ṣé òfin ló fún ọ lọ́mú?"

Ẹ̀ṣọ́ ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lára ẹ̀dà náà, ó fa ìyá lọ́wọ́ débẹ̀. Ìyá ń fọwọ́ pa egungun náà lọ.

"Ó mà tutù o."

Ìka rẹ̀ dé ibi eyín tó kán, ó dúró síbẹ̀.

"Èyí tó wà nínú dígí ńkọ́? Eyín rẹ̀ pé?"

"Ó pé pérépéré, Màámi."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Máa ṣọ́ ọ dáadáa o, ọmọ mi. Ó yá, mú mi relé."

Kí oṣù tó parí, wọ́n sin ín. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀ṣọ́: ohun kan ṣoṣo ni ìyá òun tọrọ, òun sì fi ẹfun tàn án.

Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó fi ẹfun mọ ẹ̀dà náà wá nu eruku. Ó ṣí dígí, ó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n inú rẹ̀ bí ẹni gbé igbá òfìfo, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fi ojú àtàǹpàkò ara rẹ̀, tó tẹ̀ sínú ẹfun nígbà tó ń mọ ọ́n, han ẹ̀ṣọ́.