Máákà Dúdú

Ìyá náà ń fi máákà dúdú wọṣọ fún obìnrin kẹta nínú ìwé àwọn ayàwòrán ìgbàlódé nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ ti ilé ìwé wọlé sí ilé tuntun wọn ní Ongar, lókè òkun.

"Mammy, ìwé láíbìrì lẹ ń kùn yẹn."

"Ìhòòhò ni gbogbo wọn wà. Wọn ò ní ìyá ni?"

Ó ń ṣí ewé lọ wàrà-wàrà, títí ó fi kan àwòrán kan tó dúdú láti igun dé igun. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀.

"Alhamdulillahi. Ìyá kan ti ṣáájú mi débí."

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìyẹn, Mammy. Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn."

Ìyá gbé ìwé náà lọ síbi fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ló wá wà lábẹ́ ẹ̀?"