Ìgbà Tí Àgbò Ń Ṣọ́lé

Àlọ́ mi rọra wọ pápá bọ́ọ̀lù, ó bá Àgbò tó ń ṣọ́lé fún ẹran ilé. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú, odò kan ṣoṣo ló kù, ikọ̀ tó bá borí ló ni ín. Eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kò tíì sẹ́ni tó jẹ góòlù. Àgùntàn, ìyá Àgbò, ń ṣọ́ ọ létí pápá, torí ó mọ ìbínú ọmọ rẹ̀.

Àgbò gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà lẹ́nu ilé. Ọ̀bọ, agbábọ́ọ̀lù ẹran ìgbẹ́, sún mọ́ ọn. "Olórí kunkun! Wá kàn mí, bí ìyá ẹ bá gbà fún ẹ."

Àgùntàn figbe orin ta:

Àgbò ọmọ mi, má dá a lóhùn o.
*Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.*
Òùngbẹ ń gbẹ wá nílé o.
*Jẹ́jẹ́, ọmọ mi, jẹ́jẹ́.*

Àgbò ò gbọ́. Àgbò kì í sì í kàn láìkọ́kọ́ fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn rìn, ó tún fẹ̀yìn rìn, tòun ti bọ́ọ̀lù láyà, títí ó fi wọnú àwọ̀n.

Lékeleke tó ń ṣe rẹfirí fọn fèrè: "Góòlù!"

"Màámi, ó bú mi ni!"

"Ó bú ọ lóòótọ́, ọmọ mi. Omi wa dà?"