Odindi Bitikọ́ìn Kan

Láràárọ̀ ni Ìyá Mọrádéùn, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, máa ń ní kí fóònù ka àríyànjiyàn orí ìkànnì sí òun létí. Láyé ìgbà náà, èérún bitikọ́ìn, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, làwọn èèyàn fi ń ra búrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan, àwọn ará ìkànnì ń bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ní odindi.

Ìyá dá sí i. "Mo ní ọ̀kan. Ṣé kí n fọ́ ọ, kí n fi tọ́jú ojú mi?"

"Ẹ má fọ́ ọ o, Màmá! Yóò tún gbówó lórí," ni ọ̀pọ̀ wọn dáhùn.

Obìnrin kan bi àwọn yòókù pé, "Ojú wo ni Màmá máa wá fi rí i?"

Ìyá fọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì ojú rẹ̀, bitikọ́ìn ti gbówó lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ọmọ rẹ̀ ni ìyá ń wò.

"Mọrádéùn, ìgbà wo lo hewú?"